Ọjọ́ Kan ní Ọgbà Ueno ní Tokyo: Etí Omi ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ sí Ọgbà Ueno ló ń gba ọ̀nà kan náà wọlé. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Kōen-guchi, wọ́n á forí lé ọgbà ẹranko tààrà, wọ́n á rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, ó di ilé ìtura. Wọn ò ní dé etí adágún. Wọn ò ní rí ojú Búdà tó dá wà lórí òkè kékeré. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, nínú oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí omi, aago kan ọ̀sán ti lù, òdòdó lótọ́ọ̀sì tí mo torí ẹ̀ rìnrìn àjò ti pa ojú dé. Ó dùn mí wọra. Mo padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí aago méje tó lù, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, mo wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ẹni pé ibòmíràn ni mo lọ. Ọ̀nà tí mo gbà lọ́jọ́ kejì yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́, torí ohun tí ẹ máa rí kò ní yé yín láìsí ìtàn rẹ̀. Orí òkè Ueno ni tẹ́ńpìlì Kan'ei-ji wà látijọ́. Àlùfáà Búdà kan tó ń jẹ́ Tenkai ló dá a sílẹ̀ ní 1625, ní apá àríwá ìlà oòrùn ààfin àwọn ṣógún, ìyẹn àwọn olórí ogun tó ń ṣàkóso Jàpáàn nígbà náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé apá ibẹ̀ ni ibi ti ń wọlé, wọ́n sì fi tẹ́ńpìlì dí i. Ní ọdún 1868, ìjọba àwọn ṣógún ṣubú. Àwọn ọmọ ogun tó kù sẹ́yìn wọn sá pamọ́ sínú tẹ́ńpìlì yìí, àwọn ọmọ ogun ọba sì yin àgbá lù wọ́n láti òdìkejì adágún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ogun náà gbà, tẹ́ńpìlì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán. Ìjọba tuntun fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n dókítà ará Họ́lándì kan, Anthonius Bauduin, gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi ilẹ̀ tó ní irú igi báyìí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1873, wọ́n kéde rẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo Jàpáàn. Ní 1924, ìdílé ọba fi í ta ìlú Tokyo lọ́rẹ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 53. Wọ́n ń ṣí i láti aago márùn-ún ìdájí títí di mọ́kànlá alẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sanwó láti wọ inú ọgbà fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ọjọ́ àti àsìkò

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọgbà kò ní tì, ṣùgbọ́n ọgbà ẹranko àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá inú rẹ̀ máa ń tì lọ́jọ́ náà. Tí ọjọ́ Ajé bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, wọ́n á ṣí, wọ́n á wá tì lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún máa ń tì ní ìparí ọdún, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní.

Tó bá jẹ́ òdòdó sakura, ìyẹn òdòdó igi ṣẹ́rì, lẹ ń wá, ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni òdòdó náà fi ń wà ní kíkún, èrò á sì pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Lótọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ máa ń yọ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ooru ìgbà náà le, ó sì ń mú kí òógùn bo ara, ṣùgbọ́n òun ni mo máa yàn tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ooru, kó lọ ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi ginkgo bá pọ́n bí ìyeyè, tí atẹ́gùn sì tutù díẹ̀. Oṣù kẹfà ni kí ẹ sá fún, òjò ni ṣáá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ohun tí ẹ máa mú dání

Ìwé ìrìnnà yín kọ́kọ́. Òfin Jàpáàn ni pé kí àlejò máa mú un kiri, ọlọ́pàá sì lè béèrè rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ ní ilé ìtura. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì Suica tàbí PASMO. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ kó owó sí i. Á jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láì to ẹsẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi ra omi lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ta nǹkan mímu.

Ẹ ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ sọ́wọ́, pàápàá owó onírin yen 5 tó ní ihò láàárín. Wọ́n ń pè é ní go-en, ìró rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn mu lédè wọn, èyí tó túmọ̀ sí okùn tó so ènìyàn pọ̀ mọ́ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn láti ju ú sínú àpótí àdúrà. Ẹ tún mú ọ̀rá kan dání fún ìdọ̀tí yín. Ẹ lè rìn jìnnà kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí ní Tokyo, síbẹ̀ ẹ ò ní rí bébà kan nílẹ̀. Oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ padà sílé.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Láti pápákọ̀ òfurufú Narita, ẹ wọ ọkọ̀ Skyliner ti Keisei. Kò tó wákàtí kan tó fi ń dé Keisei Ueno, ibùdókọ̀ tó wà lábẹ́ òkè ọgbà gan-an. Láti Haneda, ẹ wọ mónórélì dé Hamamatsuchō, kí ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ JR Yamanote tó ń lọ sí apá Ueno. Ẹni tó bá ti wà nínú ìlú lè wọ Yamanote bákan náà, tàbí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Ginza tàbí Hibiya. Ẹ̀ka Ginza láti Ueno dé Asakusa, tí wọ́n ṣí ní 1927, ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Éṣíà.

Ibi tí ẹ máa gbà jáde ló ṣe kókó. Ní ibùdókọ̀ JR, ẹ má gba Kōen-guchi, ẹ gba Shinobazu-guchi. Ní Keisei Ueno, ẹ gba ẹnu ọ̀nà Ikenohata. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni etí adágún, ibẹ̀ náà ni ó sì máa mú yín jáde sí. Tí ẹ bá gbé ẹrù wá, àwọn àpótí tí wọ́n ń fi owó tì wà káàkiri ibùdókọ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kì í lù tí àwọn ńlá ńlá fi ń kún lásìkò èrò, ìdí mìíràn nìyẹn láti tètè dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Etí omi, láàárọ̀ kùtùkùtù

Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé Adágún Shinobazu láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje àbọ̀ tó bá jẹ́ ìgbà lótọ́ọ̀sì. Ọ̀nà mẹ́ta ni adágún náà pín sí: apá kan kún fún lótọ́ọ̀sì, apá kan wà fún ọkọ̀ ojú omi tí ẹ lè háyà, apá kẹta wọ inú ọgbà ẹranko lọ.

Lótọ́ọ̀sì yìí jọ òṣíbàtà, ṣùgbọ́n kò tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi bíi tirẹ̀. Igi ewé rẹ̀ yọ sókè kúrò lójú omi, ó lè ga dé àyà ènìyàn, ewé náà sì fẹ̀ bí agboòrùn ọmọdé. Ẹ dúró ti ewé kan tí ìrì tàbí òjò òru ṣẹ́kù sí. Omi náà kò ní tàn ká ojú ewé. Á ṣù jọ róbótó sáàárín bí ìlẹ̀kẹ̀ dígí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún, ewé á rọra tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dà sínú adágún lẹ́ẹ̀kan náà láì fi àmì sílẹ̀ lójú ewé. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú létí, ó funfun sí ìdí. Òdòdó kan kì í lò ju bí ọjọ́ mẹ́rin lọ. Á là láàárọ̀, á pa dé tí ọ̀sán bá ń pọ́n, títí ọjọ́ tí ewé rẹ̀ á já bọ́. Ẹ fún ibí yìí ní wákàtí kan gbáko. Ẹ má kánjú.

Láàárín adágún ni erékùṣù kékeré kan wà, afárá ilẹ̀ sì dé ibẹ̀. Nígbà tí Tenkai kọ́ tẹ́ńpìlì rẹ̀, Òkè Hiei lẹ́bàá Kyoto ló fi ṣe àwòkọ, ó sì fẹ́ kí adágún yìí dúró fún adágún ńlá Biwa tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Ilé olórígun mẹ́jọ tó wà lórí erékùṣù ni Bentendō, ilé Benzaiten, òrìṣà omi, orin àti ọrọ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀ sáàárín omi. Bọ́ǹbù jó ilé náà ní 1945, wọ́n tún un kọ́ ní 1958. Ẹ yí àyíká rẹ̀ ká kí ẹ wo àwọn òkúta ìrántí tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ọ̀bẹ àwọn alásè, ọ̀kan fún awò ojú, ọ̀kan fún ẹja fugu olóró tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń fi òkúta dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó sìn wọ́n, àti lọ́wọ́ ohun tí wọ́n pa jẹ. Mo dúró pẹ́ níwájú òkúta awò ojú náà, torí èmi náà ń lò ó.

Ìlànà àdúrà kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Ní tẹ́ńpìlì Búdà, bíi Bentendō, ẹ ju owó sínú àpótí, ẹ pa ọwọ́ pọ̀, ẹ tẹrí ba, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ní ojúbọ Ṣíntò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Jàpáàn, èyí tí ẹ máa dé láìpẹ́, ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá rí ibi omi pẹ̀lú ife ìbumi, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi ṣan ọwọ́ òsì, ẹ fi òsì ṣan ọ̀tún, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yọ ẹnu, kí ẹ sì tu ú sílẹ̀, kì í ṣe sínú agbada. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láàyè láti ṣe èyí, kó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gun òkè

Láti erékùṣù, ẹ padà sọ́nà, ẹ sọdá, àtẹ̀gùn wà níwájú yín. Òkè rẹ̀ ni Kiyomizu Kannon-dō wà, ilé pupa tí wọ́n kọ́ ní 1631. Ogun 1868 kò rí i jó. Níwájú rẹ̀ ni igi páìnì kan wà tí wọ́n ká ẹ̀ka rẹ̀ róbótó bí òrùka. Ayàwòrán Hiroshige ti yà á ní ọ̀rúndún 19, ìjì wó ti àtijọ́ lulẹ̀, wọ́n sì gbin òmíràn dípò rẹ̀ ní 2012. Ẹ dúró síwájú ilé náà, ẹ yọjú wo inú òrùka yẹn. Bentendō tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ á bọ́ sáàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń wá gbàdúrà síbí, tí ọmọ bá sì dé, wọ́n á gbé bèbí wá. Ní gbogbo ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń fi ètò ìsìn sun àwọn bèbí náà.

Ẹ yà sápá gúúsù díẹ̀. Ère idẹ ọkùnrin sísanra tó wọ aṣọ ilé, tí ajá kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni Saigō Takamori, ọ̀gágun tó wà lára àwọn tó ṣíwájú ogun ọba ní 1868. Wọ́n ṣí ère náà ní 1898. Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Kí ẹ̀yin gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ mélòó kan sí i ni sàréè àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà wà. Ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun wà níbi kan náà, wọ́n ń pín òjìji igi kan náà. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ojú Búdà àti ilé wúrà

Ẹ yí padà sí àríwá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lápá òsì, àwọn ẹnubodè pupa tí wọ́n tò léra wọn á mú yín sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojúbọ Hanazono Inari. Díẹ̀ síwájú ni òkè kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ń kọjá láì wò. Ẹ gùn ún. Búdà ńlá kan jókòó síbẹ̀ láti 1631. Ìmìtìtì ilẹ̀ mì ín léraléra, títí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 1923 fi gé orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó irin ara rẹ̀ lọ. Ojú nìkan ló kù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní 1972. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí wọ́n ní Búdà yìí ti ṣubú tán, kò tún lè ṣubú mọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pákó àdúrà tí wọ́n so rọ̀, tí ẹ bá rí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Tōshō-gū, ojúbọ Ṣíntò fún Tokugawa Ieyasu, ṣógún àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí ti wà láti 1651, wúrà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Àtùpà òkúta àti ti idẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí dé ẹnu ibodè. Yen 500 ni kí ẹ tó lè sún mọ́ ilé náà, ẹ san án. Dírágónì méjì wà lára ẹnu ibodè rẹ̀. Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà náà mọ iṣẹ́ débi pé ní òru, àwọn dírágónì yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi ní Shinobazu. Ní oṣù kìíní àti ìkejì, ọgbà òdòdó peony wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi koríko gbígbẹ ṣe àtíbàbà kékeré bo òdòdó kọ̀ọ̀kan nítorí yìnyín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, tàbí ọgbà ẹranko

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo wọn. Mo ti rí àwọn tó wọ ilé mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tí wọn ò lè sọ ohun kan tí wọ́n rí.

Tẹ́ ẹ bá wá mọ Jàpáàn, Tokyo National Museum ni kí ẹ wọ̀. Ó wà lápá àríwá, lẹ́yìn ibi omi tó ń tú sókè. Yen 1,000 ni àgbà ń san, àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san fún àkójọ tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Honkan, ìyẹn ilé pàtàkì rẹ̀, kí ẹ wo idà àti aṣọ ogun. Tí àkókò bá ṣì wà, ẹ lọ sí ilé tí wọ́n kó àwọn ohun ìṣúra tẹ́ńpìlì Hōryū-ji sí. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní àwọn ọmọ, National Museum of Nature and Science ló tọ́ sí yín. Ère ẹja àbùùbùtán ńlá wà níta rẹ̀. Nínú ilé ni Hachikō wà, ajá tó ń dúró de olówó rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Shibuya fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà. Awọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n kì síbẹ̀. National Museum of Western Art, tí Le Corbusier yàwòrán ilé rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1959, tí UNESCO sì kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2016, ní àwọn ère tí Rodin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe níta tí ẹ lè wò láì san kọ́bọ̀.

Ọgbà ẹranko ni àkọ́kọ́ ní Jàpáàn, 1882 ni wọ́n ṣí i. Yen 600 ni àgbà, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtàwọn tó kéré sí wọn kì í san nǹkan kan. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọn kì í gba ènìyàn wọlé mọ́ tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Panda ló sọ ọ́ di olókìkí láti 1972, ṣùgbọ́n ẹ wo ìkéde wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣèlérí panda fún ọmọ. Ilé gogoro alájà márùn-ún tí wọ́n kọ́ ní 1639, tó jẹ́ ti Kan'ei-ji tẹ́lẹ̀, wà nínú ọgbà ẹranko náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Oúnjẹ, lẹ́yìn náà Ameyoko

Ẹ ra onigiri, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n dì mọ́ ewé òkun, ní ilé ìtajà kékeré lẹ́bàá ibùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé. Shake ni ẹja sálímọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kan, buta, kí ẹ sì bèèrè dáadáa kí ẹ tó jẹ ramen, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, torí egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ rẹ̀ níbi púpọ̀. Tí ẹ bá jókòó lábẹ́ sakura, tapólì ni wọ́n ń tẹ́, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó gùn ún. Wọn kì í dáná nínú ọgbà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ameyoko, ọjà tó nà lábẹ́ ojú irin láti Ueno dé Okachimachi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló hù, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, tí àwọn ènìyàn ń ta suwíìtì àtàwọn ohun tó jáde láti ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Àwọn ọlọ́jà níbẹ̀ ń kígbe polówó, ohun tí ẹ ò ní gbọ́ púpọ̀ ní Tokyo. Ẹja, tíì, èso gbígbẹ, bàtà, àpò ló wà níbẹ̀. Ẹ lè nájà, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí ọlọ́jà ẹja fẹ́ palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹ̀rín músẹ́ nájà, kí ẹ má fa ọ̀rọ̀ gùn. Owó ọwọ́ ni kí ẹ mú lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba káàdì.

Tí ẹ bá ti ẹrù mọ́ inú àpótí láàárọ̀, fọ́tò nọ́ńbà àpótí náà àti ti ẹnu ọ̀nà tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ ti yà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ibùdókọ̀ Ueno tóbi, àwọn àpótí rẹ̀ jọra wọn, ó sì máa ń ti rẹ ènìyàn nígbà tó bá fi máa padà wá gbé ẹrù.